Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tí Kì Í Kí Ènìyàn

Ìwé mẹ́sàn-án ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni kan ló wà nínú wọn. Ó ti ṣe ọlọ́pàá rí, wọ́n lé e nítorí pé kò mọ bí a ti ń pa ẹnu mọ́. Ó wá ń gbé yàrá kan ní Èbúté Mẹ́ta, ó ń mu ògógóró, ó sì ń bá àwọn tí ọlọ́pàá kò dá lóhùn wá ẹni tó ṣe wọ́n níbi. Kò sí ìwé kan nínú wọn tí wọn kò ti lù ú. Nínú ìkẹta ni wọ́n ti gbá eyín rẹ̀ ọ̀tún lókè yọ. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ẹni tó kọ ìwé ti gbàgbé, eyín yẹn náà ló tún fi já ẹran. Mi ò tíì pàdé ẹlòmíràn tó ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ègùn là ń sọ nílé wa ní erékùṣù Gberefu. Àwọn ìwé yìí ló kọ́ mi ní Yorùbá tí mo ń kọ. Mo ń kà á, mo ń tún un kà, títí ọ̀rọ̀ tí kò yé mi fi di tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá mi ṣubú lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Gberefu, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo gbé e wá sí Ibereko ní òdìkejì ọ̀sà, sọ́dọ̀ èmi àti ìyàwó mi. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi títí ẹsẹ̀ yóò fi gbà á. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń béèrè ìgbà tí òun yóò padà sí ilé tó fi owó àgbọn kọ́, láàárín ọ̀sà àti òkun. Èmi kò fẹ́ kó padà rárá. Òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Bó bá tún ṣubú, ta ni yóò gbọ́ igbe rẹ̀ nínú ariwo ìgbì?

N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní kó jẹ́ kí n ka ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fún un tán ná, lẹ́yìn náà a ó jọ sọ̀rọ̀ ìlọ. Ó gbà. Mo rò pé ohun tó wà nínú àwọn ìwé yẹn tó láti dá ẹnikẹ́ni dúró.

Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, yóò máa fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi yóò máa kàwé. Nínú ìwé kìíní, ọkùnrin kan ti ìrìn àjò dé. Wọ́n ti pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn kò sì tíì ránṣẹ́ sí i. Ó kan ilẹ̀kùn, ìyàwó olóògbé ṣí i, ọkùnrin náà ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Mo kà á kọjá.

"Dúró," ìyá mi wí. "Òun ló pa á."

"Màmá, orí kejì la ṣì wà."

"Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, 'ẹ kúulé' ló ń kí. Ta ló sọ fún un pé òkú wà ńlẹ̀?"

Orí kọkàndínlógún ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó rí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a légungun ìhà. Èmi tí mo ti ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, n kò rí i rí. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná kó wá gbọ́.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà gan-an ni ìyá mi kò lè gbà. Ọkùnrin yẹn a wọ ilé ọ̀fọ̀, a dúró láàárín àwọn tó ń sunkún, a ní, "Níbo lo wà lánàá?"

"Kò kí wọn," ìyá mi wí.

Mo ṣàlàyé pé bí irú ìwé yìí ti rí nìyẹn: ìyà ìlú ti sọ ọkàn ọkùnrin náà di líle, lílù tí wọ́n ń lù ú ti gba ọ̀yàyà kúrò lára rẹ̀.

"Àwọn tó lù ú ló ní kó má kí ènìyàn?"

Láti ìgbà náà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà ni ìyá mi ń fura sí nínú gbogbo ìwé. Èkìtì ni ìyàwó mi ti wá, ó fẹ́ràn kó máa tì í lẹ́yìn. "Ẹ ò purọ́, Màmá. Ojú ẹ̀ jọ ti apààyàn."

"Òun kọ́," mo ní. "Òun ló ń sọ ìtàn fún wa."

"Ẹni tó ń sọ ìtàn kì í pa ènìyàn ni?" ìyá mi béèrè.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí ìkẹsàn-án parí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Màá ka ojú ìwé kan, màá fi ìyókù ìrọ̀lẹ́ ṣàlàyé ohun tí kò nílò àlàyé: irú ìbọn tó wà nínú rẹ̀, àwọ̀ tí èèpo ìwé ní kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Ìyá mi gbọ́ títí, ó sì jókòó.

"Ìwọ náà ti dà bí ọkùnrin rẹ yẹn."

"Báwo, Màmá?"

"Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí o bá ti wọlé, 'Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?' lo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí o ti bi mí gbẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ ń bi mí. Ẹni tó ń gbé omi wá ń bi mí. Ìwọ nìkan lo kì í bi mí mọ́. Ẹ̀rù ń bà ọ́ kí n má lọ sọ pé ó ti ń dá."

N kò mọ̀ pé mo ti jáwọ́ nínú ìbéèrè náà. Lọ́dọ̀ wa, ibi tó ń dun aláìsàn gan-an là ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè ráyè sọ bó ṣe rí. Ẹni tí a kò bi, a ti fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àìsàn rẹ̀. Mo sì ti rò pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe.

"Màmá, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Kò tíì dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń gbé mi. Ka èyí tó kù."

Mo kà á tán lójókòó kan náà. Ọ̀rẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ló wà nídìí ọ̀ràn náà. Ìyá mi kò gbà. Ó ní ẹni tó kọ ìwé ló ń gbè sẹ́yìn ènìyàn rẹ̀.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó lè lọ. Ohun kan ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti di opó, máa bá a sùn nínú ilé. Ó ní bí obìnrin náà kò bá ti ń hanrun, kò burú. Nígbà tó di Sátidé, a wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà. Ó di èjìká mi mú wọ inú rẹ̀, ó sì dojú kọ Gberefu títí a fi gúnlẹ̀.

Yanrìn ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ti bo ilẹ̀ pálọ̀. Ó gbé ọ̀pá onírin sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó mú ìgbálẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó ń fi èkejì gbálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi, ó tún ń gbá. Ọwọ́ ń yún mi láti gbà á. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo jẹ́ kó gbá a dé ọ̀dọ̀ mi, mo sì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí yanrìn lè jáde.