Máíkà Dúdú Inú Sàréè

Inú áyọ́ọ̀nù ni mo ti kọ́kọ́ mọ máíkà. Iṣẹ́ títún nǹkan iná ṣe ni mò ń ṣe ní Ìgbó-Ọrà. Bí ènìyàn bá tú ikùn áyọ́ọ̀nù àtijọ́, yóò rí ohun pẹlẹbẹ kan tó mọ́ bíi gíláàsì, tí wọ́n yí wáyà tó ń gbóná mọ́. Ooru kì í jó o, iná mànàmáná kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìwé nípa òkúta lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ògbólógbòó ìwé, mo sì ń gun àwọn àpáta Èrúwà kiri tòun ti òòlù lọ́wọ́. Báyìí ni àdúgbò ṣe sọ mí ní Bàbá Olókùúta, nígbà tí n kò tíì hu ewú kan.

Orúkọ yẹn náà ni wọ́n fi ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ tí bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa kú. Mùsùlùmí ni bàbá náà. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun, ni kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti dì í sínú aṣọ funfun, Àfáà sì ti kírun sí i lára. Sàréè nìkan ló kù, sàréè ọ̀hún ló sì wá dá wàhálà sílẹ̀.

Àwọn méjì tó ń gbẹ́ ẹ ti jìn dé àyà nígbà tí ṣọ́bìrì wọn bá ilẹ̀ kan tó ń kọ mànà pàdé. Erùpẹ̀ tí wọ́n ń dà sókè ń dán yinrinyinrin nínú oòrùn, àwọ̀ wúrà gan-an. Ọmọkùnrin bàbá náà, ẹni tó ta ọ̀kadà rẹ̀ nígbà àìsàn bàbá, ló ní kí wọ́n dúró.

“Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sí itẹ́ òkú,” ó ń wí. “Ṣé a ó wá sin wúrà mọ́ wọn lára ni? Wọ́n jìyà títí, ilẹ̀ wọn ló fẹ́ ṣàánú wa báyìí.”

Ìyá rẹ̀, tó jókòó lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, kò gbé ohùn sókè. “Ibi tí wọ́n ní kí a gbé àwọn sí nìyẹn. Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ lé bàbá rẹ jáde nílé?”

Àfáà kò fẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀. Ó kọjú sí mi. “Bàbá Olókùúta, ẹ bá wa wò ó.”

“Háà, Àfáà, ẹ má bi wọ́n o!” ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ké láti inú ihò. “Bí wọ́n bá fi lè bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ìrun ìrọ̀lẹ́ á bá wa níbí.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ìṣù kan nínú erùpẹ̀ náà. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọmọkùnrin yẹn, mo rí i pé bí mo bá kàn sọ pé kì í ṣe wúrà, yóò padà wá gbẹ́ ibẹ̀ lọ́la, lórí bàbá rẹ̀. Mo yọ abẹ́rẹ́ lára fìlà mi, mo nà án sí i.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin alátùn-únṣe áyọ́ọ̀nù, ìgbà wo lẹ di ọ̀gá wúrà?”

“Ìwọ ni ọ̀gá. Ti abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wúrà kì í ya bí ewé. Abẹ́rẹ́ á kàn dá àpá sí i lára ni.”

Ó tì í bọ̀ ọ́. Ìṣù náà là sí méjì, ó tún là. Àwọ̀ wúrà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò wọnú. Inú rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Ó ń bó o lọ títí ó fi ku ewé kan tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì.

Mo sọ fún un pé máíkà dúdú ni, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní báyótáìtì. Irin ló sọ ọ́ di dúdú. Èròjà kan tó ń jẹ́ pòtásíọ̀mù ló lẹ ewé rẹ̀ mọ́ra wọn, àmọ́ kò lẹ̀ wọ́n le, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi là á. Bí omi òjò bá ti ń wọ̀ ọ́ fún ọdún gbọọrọ, pòtásíọ̀mù á máa jáde, irin rẹ̀ á máa dípẹtà, ara rẹ̀ á wá pọ́n bíi wúrà.

Ó bu díẹ̀ sínú abọ́, ó da omi búùtà lé e. Wúrà ì bá rì bí òkò. Èyí ń pòòyì nínú omi, àwọn mìíràn tilẹ̀ léfòó. Ó mú ìyókù lọ sídìí ààrò tí àwọn obìnrin ti ń dáná, ó fi sórí ẹ̀yinná. Omi tó wà láàárín ewé rẹ̀ mú kó wú, ó ń nà gùnnùgùnnù bí ìdin. Ó lóṣòó tì í, ó ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Kò wúlò rárá, ẹ̀gbọ́n? Ẹ ò lè fi sínú áyọ́ọ̀nù?”

“Irin inú rẹ̀ kò jẹ́. Iná á gba ibẹ̀ kọjá. Funfun la ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń lọ̀ ọ́ dà sóko. Pòtásíọ̀mù tó ń jáde lára rẹ̀ yẹn, oúnjẹ irúgbìn ni. Ata tí ìyá rẹ ń ká níbí yìí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé yẹn, òun náà wà lára ohun tó ń bọ́ wọn.”

Mo fẹ́ sọ nípa bí wọ́n ṣe ń fi pòtásíọ̀mù yẹn kan náà mọ ọjọ́ orí àpáta. Mo rí ojú Àfáà, mo panu mọ́.

Ọmọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. “A ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí nìyẹn,” ó wí.

Ó dìde, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ihò, òun fúnra rẹ̀ wọlẹ̀, ó gbẹ́ èyí tó kù. Nígbà tó parí, ó nahùn sókè: “Màámi, ẹ ní kí wọ́n gbé wọn wá.”

Inú ihò náà ló dúró sí tó gba orí bàbá rẹ̀. Ìyá dìde lórí ẹní, ó wá sí etí ibẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ.

“Ẹ rọra,” ó ń wí. “Ẹ sún wọn díẹ̀. Ẹ fi àyè tèmi sílẹ̀ lápá ibí yìí.”