Ọkọ̀ Aláìlórùlé Tí Wọ́n Ní Kí Yẹ̀kínnì Yẹ̀ Wò

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ní Mushin tàbí Surulere ní nǹkan bí ọdún 1988, wọn á ní kí ẹ lọ pe ọkọ mi, Yẹ̀kínnì. Òun ló máa ń bá èèyàn yẹ ọkọ̀ wò kí wọ́n tó rà á. Á fi aṣọ wé mágínẹ́ẹ̀tì, á máa fà á lára ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí ibẹ̀, kì í ṣe irin. Á tan ẹ́ńjìnnì, á ṣí ìdérí ọ́ìlì, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bóyá èéfín ń tì í. Kì í purọ́ mọ́ ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kò ní ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì tí kò bá gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹgbẹ́ kì í jẹ́ kó dá dúró. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá Àlíyù ní Ìwáyà. Ó ku oṣù méjì kí wọ́n ṣàdúrà fírídọ̀ọ̀mù fún un ni kábúrétọ̀ oníbàárà kan sọ nù. Ṣàfíù tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ní òun rí i lọ́wọ́ Yẹ̀kínnì. Wọ́n lé e bí ẹni lé ajá. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún Ṣàfíù. Èmi ò dárí jì í o. Ẹni tó bá fẹ́ kí n dárí jì í, kó kọ́kọ́ lọ fi ọdún mẹ́fà tirẹ̀ ṣòfò.

Ní ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti lé e, Lọ́yà Abọ́dúndé ní kó bá òun yẹ ọkọ̀ kan wò ní Àgùdà: ọkọ̀ òyìnbó àtijọ́, pupa, oníjókòó méjì, tí kò ní òrùlé. Ta ló ń tà á? Ṣàfíù!

"Yẹ̀kínnì!" Ṣàfíù ń rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ni wọ́n ní kó wá yẹ̀ ẹ́ wò? Àbí wọ́n ti fún ẹ ní fírídọ̀ọ̀mù ẹ ni?"

Ọkọ mi yọ mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti sọ pé ọkọ̀ náà ti kú, kí ọjà bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó sọ fún lọ́yà pé pọ́tì ni ilẹ̀kùn òsì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì le. Nígbà tó kan kábúrétọ̀, ó rí i pé wọ́n ti kùn ún lọ́dà. Ta ní ń kun kábúrétọ̀ lọ́dà? Ó fi èékánná ha ìdí rẹ̀. Àpá kékeré mẹ́ta yọ, àmì tí Bàbá Àlíyù máa ń fi irin pọ́ǹṣì lù sára nǹkan oníbàárà, kí ẹnikẹ́ni má bàa pààrọ̀ rẹ̀. Kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ló sì sọ nù ní ṣọ́ọ̀bù yẹn: èyí tí wọ́n torí ẹ̀ lé e rèé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Ṣàfíù ò tiẹ̀ pé mẹ́wàá.

Ó nuwọ́. "Lọ́yà, ó ku ká gbé e jáde, ká gbọ́ ohùn ẹ̀ lójú títì. Ẹ jókòó, à ń bọ̀. Ṣàfíù, wọlé."

Ìjókòó méjì, àwọn méjì. Ní Ojú Ẹlẹ́gbà àwọn èèyàn ń hó fún wọn, Ṣàfíù sì ń juwọ́ bíi gómìnà. Nígbà tí ọkọ mi yà sí ọ̀nà Ìwáyà, kò juwọ́ mọ́.

"Níbo là ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa."

Bàbá Àlíyù kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ nígbà náà. Ọkọ mi mú ọwọ́ Bàbá, ó gbé àtàǹpàkò wọn lé àmì náà. Bàbá fi àtàǹpàkò náà ka àpá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ṣàfíù, kábúrétọ̀ wo nìyí?"

Ṣàfíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ọ́ìlì dúdú, níwájú gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun jí i. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, mi ò ní purọ́.

Bàbá ní, "Yẹ̀kínnì, kúnlẹ̀, kí n ṣàdúrà fún ẹ."

Ọkọ mi ò kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ lé mi, Bàbá. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè."

Àgbàlagbà náà ṣí fìlà. "Mo ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Má bínú."

Ìgbà yẹn ló tó kúnlẹ̀. Bàbá gbé sípánà lé e lọ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tẹ́wọ́. Ṣàfíù náà dìde, ó tẹ́wọ́, ó ní, "Àmín."

Ọkọ mi yíjú sí i lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìwọ, má ṣe àmín sí tèmi."