Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Gun Ẹṣin Rí

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ń fi ẹnu gun ẹṣin nínú pálọ̀ ìyá mi ní Peckham, nílùú òyìnbó. Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìrun Àílà. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa á wọlé, wọ́n á bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà títí a ò fi ní rí ibi gbà kọjá, wọ́n á jókòó sórí àga àti sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹṣin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kí ìrẹsì tó tán nínú abọ́, wọ́n á ti la aṣálẹ̀ já, wọ́n á ti padà. Kò sí ẹni tó ṣubú rí. Kò sí ẹni tí ìbàdí ń ro. Láti ojú fèrèsé wa, a máa ń gbọ́ ariwo àwọn tó ń ta iṣu àti ẹja ní Rye Lane, mo sì máa ń rò ó pé ó sàn fún àwọn yẹn, nítorí ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ wà lórí àtẹ.

Aṣálẹ̀ tí à ń sọ yìí wà ní ilẹ̀ Jọ́dánì. Ọgbà tí ìjọba ń dáàbò bò ni. Èèyàn kì í dédé wọ ibẹ̀ bó ṣe wù ú. Mọ́tò kì í yà kúrò lójú ọ̀nà, a kì í sì í ṣẹ́ igi ibẹ̀ dáná. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹṣin rìn nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àwọn afinimọ̀nà tó gba àṣẹ lọ, àwọn yẹn sì ya àlejò wọn sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí kò gun ẹṣin rí, wọ́n á mú un yípo ẹ̀bá ẹnubodè fún ìwọ̀nba àkókò, ẹnì kan á di okùn ẹṣin náà mú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn dáadáa nìkan ni wọ́n ń mú wọ àárín gbùngbùn, níbi tí wọ́n á ti máa sùn sábẹ́ àpáta fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Ẹṣin tó bá rí yanrìn tó tẹ́ lọ gbalasa níwájú rẹ̀, eré ló máa sá, kò sì sí dókítà nítòsí.

Ẹni tó gbé ìrìn àjò tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ rìn lọ síbẹ̀ kalẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ Ìlọrin ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Surrey Quays ni wọ́n ti bí i tó sì dàgbà. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó ku yìgì, wọ́n sì ti fi yìgì náà sí oṣù tí a bá ti aṣálẹ̀ dé. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ó mọ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń ki àgbà, ó sì máa ń gba àpò ọjà lọ́wọ́ ìyá mi kí ó tó gun àtẹ̀gùn. Nǹkan wọ̀nyí, mo rí wọn fúnra mi, mi ò jiyàn wọn. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo ní wàhálà pẹ̀lú.

Ó máa ń sọ pé, “Àwa ò kọ́ ẹṣin gígùn, bro. Inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Bàbá bàbá bàbá mi, ààfin ló ti ń gùn ún.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí wò níkọ̀ọ̀kan. Pé ẹṣin wà ní Ìlọrin, òótọ́ ni. Pé bàbá ńlá rẹ̀ gun ẹṣin, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ gan-an, bọ́ọ̀sì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà, bí ìmọ̀ bá sì ń gba inú ẹ̀jẹ̀ wá, ó yẹ kí èmi náà mọ ẹní hun bíi ìyá bàbá mi. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó ní ni àwòrán inú fóònù rẹ̀, níbi tó ti jókòó sórí ẹṣin pupa kan tó ń wo ọ̀ọ́kán bí ajagun. Gbogbo èèyàn ló ń wo ojú rẹ̀. Èmi ń wo igun àwòrán náà, níbi tí wọ́n ti gé e, mo sì rí ìka ọwọ́ méjì tí kì í ṣe tirẹ̀ tó di okùn ìjánu mú. Mi ò sọ pé irọ́ ló ń pa. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ẹ̀rí náà kò lágbára tó ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé lé e lórí.

Kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní òwe fún. Bí ẹnì kan bá ní ẹ̀rù ń ba òun, á ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí wọ́n bá bi í léèrè pé bí èèyàn bá já bọ́ ńkọ́, á ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Àwọn àgbà ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin yẹn nìkan ló dá mi lójú pé ó mọ̀ ọ́n gùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti kékeré ló ti ń bẹ̀rù ẹṣin, láti ọjọ́ tí ẹṣin ọlọ́pàá kan fi imú kàn án lórí ní ọjà Deptford tó sì sá wọ abẹ́ tábìlì aláṣọ kan. Nítorí ọkùnrin yìí ló ṣe gbà láti lọ. Ó tilẹ̀ ra bàtà.

Ní ọjọ́ kan, a lọ gba ẹ̀kọ́ níbùdó ẹṣin kan lẹ́yìn ìlú. Kí n má tàn yín, èmi náà ti ka ìwé títí nípa ẹṣin ṣáájú ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tó ń sọ tó bá na etí síwájú, mo mọ èyí tó ń sọ tó bá ká etí sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé mi gorí rẹ̀ tó sì mí fìn-ín-ìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìwé náà fò lọ. Mo gbá irun ọrùn rẹ̀ mú, mo sì ń bẹ ẹṣin òyìnbó ní èdè Yorùbá pé kó jọ̀ọ́, kó má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe dáadáa jù mí lọ. Nígbà tí olùkọ́ fà á yípo pápá tán, ó fọwọ́ pa ẹṣin náà lọ́rùn kó tó sọ̀ kalẹ̀. Olùkọ́ náà, obìnrin òyìnbó kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, sọ fún un pé kó tó lè bá ẹṣin sáré, á kọ́ ọ fún ọdún kan, ó kéré tán.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ńkọ́? Orúnkún ń dùn ún lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ọgbà ló dúró sí, tó ń pàṣẹ fún wa.

“Dẹ èjìká ẹ, bro! Má jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́!”

Ẹṣin náà ti mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni afinimọ̀nà fẹ́ fi fídíò bá wa sọ̀rọ̀ láti Jọ́dánì. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣàn, ojú ọkùnrin náà sì gba gbogbo ògiri, ọkùnrin tí oòrùn ti pa lára, tó wé láwàní mọ́rí, tí atẹ́gùn ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. A jókòó bí ọmọ iléèwé: ẹ̀gbọ́n mi, èmi, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ní Rye Lane. Ìyá mi dúró sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ ní èjìká.

Ọkùnrin náà kí wa, ó sì ní inú òun dùn pé gbogbo wa la mọ ẹṣin gùn, nítorí ọ̀nà àárín gbùngbùn la yàn. Mo wo ojú nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì wo kápẹ́ẹ̀tì. Afinimọ̀nà náà wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, “Màdámù, àfẹ́sọ́nà yín sọ fún mi pé láti kékeré lẹ ti ń gùn ún. Mo ní abo ẹṣin kan tó yára gan-an, òun ni mo fẹ́ fún yín. Ó tó ọdún mélòó tẹ́ ẹ ti ń gùn ún?”

“Ó ti pẹ́ gan-an,” ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn kíá. Ó wá fi Yorùbá sọ ọ́ sí i létí, ṣùgbọ́n gbogbo wa la gbọ́: “Ṣá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Màá kọ́ ẹ ká tó lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wo ìyá wa. Ìyá wa mi orí díẹ̀, ohun tí orí náà sì sọ kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá: a kì í já ọkọ ẹni ní irọ́ lójú àlejò. Gbà á báyìí ná, ẹ ó sọ ọ́ nílé. Abo ẹṣin náà wà níbì kan lẹ́yìn ọkùnrin yẹn, ó ń jẹ koríko.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Mi ò gun ẹṣin rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gbé mi gùn ún, ẹnì kan ló ń fà á.”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹ ṣeun, màdámù. Ẹṣin yẹn ì bá pa yín lára.” Ó wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá níkọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì ní òun náà ò gùn ún rí. Ọmọkùnrin tó ń ta fóònù ní, “Èmi gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, létíkun. Mo kéré nígbà yẹn, sha.” Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń kó ẹ̀rí jọ láti oṣù tó kọjá, tí mo mọ iye ìka tó wà nínú àwòrán, mo sọ ìwọ̀nba tèmi nígbà tó kàn mí. Gbogbo ìwádìí mi, gbólóhùn kan ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe é.

Nígbà tí tẹlifíṣàn kú tán, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dìde.

“Ṣé o mọ ohun tó o ṣe fún mi? Lójú gbogbo èèyàn?”

“O sọ ohun tí mi ò jẹ́ fún un.”

“Kí wọ́n lè gbà wá ni! Irọ́ kékeré lásán.”

“Èmi lo fẹ́ gbé gorí ẹ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Ìwọ lo pa á, èmi ló máa já bọ́.”

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá bàtà tirẹ̀ láàrin bàtà ẹnu ọ̀nà, ó pẹ́ kó tó rí i, ìyẹn sì bà á nínú jẹ́ sí i. Kò kí ìyá mi kó tó lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ìyá mi dojú ọ̀rọ̀ kọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní ilé la ti í jẹ èkúté onídodo, pé ọkùnrin tí a bá dójú tì níta kì í gbàgbé, pé ta ló fẹ́ gbọ́ pé wọ́n tú yìgì ká nítorí ẹṣin. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá ní, “Mọ́mì, tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?”

Ìyá mi wo ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ yẹn wọ́, èékánná rẹ̀ kò sì hù dáadáa mọ́. Láti kékeré la ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló há a.

Ó ní, “Ilẹ̀kùn kọ́.”

Ó jókòó. Ó ní nígbà tí àwọn kọ́kọ́ dé ìlú yìí, bàbá wa, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, sọ fún ọ̀gá kan ní Deptford pé ìyàwó òun mọ maṣíìnì ńlá tí wọ́n fi ń ránṣọ nílé iṣẹ́ lò. Maṣíìnì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ìyá mi mọ̀, èyí tó kọ́ nílé. “Ọ̀gá yẹn bi mí. Bàbá yín wò mí. Mo ní, ‘Yẹ́ẹ̀sì, sà.’ Kò pẹ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ tí abẹ́rẹ́ náà fi gba inú ìka mi kọjá.” Ó gbé abọ́ ìrẹsì nílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ. “Èèyàn dáadáa ni. Kò fẹ́ kí ebi pa wá ni.”

Àwọn àgbà ìdílé ọkọ wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú èso àti ọ̀rọ̀ dídùn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò le, pé kí ọmọbìnrin kàn wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, kí a fi ẹ̀rín pa á rẹ́. Mo ń retí kí ìyá mi gbà. Ó gbọ́ wọn tán, ó kí wọn kú àárẹ̀, ó bu omi fún wọn.

Ó wá ní, “Ọmọ mi ò gun ẹṣin rí, ẹ̀yin àgbà. Kí ni kó tọrọ àforíjì lé lórí?”

Wọ́n mu omi náà. Kò sí yìgì.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo gbọ́ pé òkè ńlá ni àfẹ́sọ́nà àtijọ́ náà ń gùn báyìí nínú pálọ̀ àwọn ẹlòmíràn, mo sì gbàgbọ́ pé kò tíì rẹ̀ ẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ sí aṣálẹ̀ yẹn níkẹyìn. Ẹ̀bá ẹnubodè la dé, wọ́n fà wá yípo lórí ẹṣin méjì tó ti darúgbó, a rí òkè pupa lọ́ọ̀ọ́kán, a sì sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọmọkùnrin tó ń ta fóònù ló bá wa tẹ àwòrán ẹ̀gbọ́n mi lórí ẹṣin nígbà tí a dé. Ó ní kí òun gé ọwọ́ ọkùnrin tó di okùn mú kúrò, kó lè dà bíi pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ń gùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó fi sílẹ̀.

Ara ògiri pálọ̀ ìyá mi ló wà di òní, ọwọ́ náà sì hàn ketekete. Nígbà míì tí mo bá wá kí i, tí àlejò bá sì wà níbẹ̀, mo máa ń gbọ́ tó ń fi ìka rẹ̀ tó wọ́ yẹn júwe fún wọn: ọmọ mi nìyí, ẹṣin nìyí, ẹni tó dì í mú nìyí.