Pàṣán Tí Wọ́n Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Lánàá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń bó ẹ̀gúsí, ọmọ ọmọ mi sì ń kàwé lẹ́yìn mi. Ó ka ọ̀rọ̀ kan, ó dákẹ́, ó gbé itọ́ mì, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn. Mo ti gbọ́ ọ rí, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà náà ní Bantè, Abẹ́ní lorúkọ rẹ̀. Àwa méjì péré ni obìnrin nínú kíláàsì wa, láyé ìgbà tí Faransé ṣì ń jọba lé wa lórí. Amọ̀ ni ògiri ilé ìwé náà, ewé bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi bò ó. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, ewúrẹ́ a wọlé wá bá wa jókòó, a óò sì máa sọ pé wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí kí àwa tó gbà á.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò mọ Abẹ́ní! Bí o bá pa àlọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó gbà á nìyẹn, kò ní fo ọ̀rọ̀ kan. Oríkì gbogbo agbo ilé wa wà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ gbé ìwé síwájú rẹ̀, yé! Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àwọn lẹ́tà kì í dúró sójú kan. Wọ́n ń yí padà mọ́ mi lójú." Èmi a fi í rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Mùsíyé là ń pe olùkọ́ wa. Kì í fúnra rẹ̀ na ọmọ tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá ṣe ipò kìn-ín-ní ni yóò na ẹni tó gbẹ̀yìn, ó ní ìyẹn ló ń jẹ́ kí ojú ti olódo. Èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìn-ín-ní. Abẹ́ní ló máa ń gbẹ̀yìn. Bí o bá sì rọra nà án, Mùsíyé á gba pàṣán lọ́wọ́ rẹ, á fi ara ìwọ gan-an kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń na èèyàn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, baba Abẹ́ní búra pé bí kò bá gòkè sí kíláàsì tó kàn, òun á yọ ọ́ kúrò, òun á fà á lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ ní Lougba. Àgbàlagbà ni ọkùnrin náà, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń ru iṣu wá sílé wọn. Ẹ̀rù bà wá. A bá dá ọgbọ́n kan. Láràárọ̀, lábẹ́ igi máńgòrò lójú ọ̀nà odò, èmi a ka ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí i létí lẹ́ẹ̀mejì, òun a gbà á pátá. Bó bá kàn án ní kíláàsì, á tẹjú mọ́ ìwé, á fi ìka tọ́ ọ, á kà á geere. Mùsíyé ní orí rẹ̀ ti ṣí. Oṣù méjì gbáko, ẹnikẹ́ni ò nà án.

Àfi ọjọ́ tí ọ̀gá àwọn olùkọ́ ti Savalou wá bẹ̀ wá wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ìwé, níbi tí a kò tíì dé, ó ní kí Abẹ́ní kà á. Abẹ́ní fi ìka sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti obìnrin tó ń fọṣọ létí odò, èyí tí mo kà fún un láàárọ̀. Ó kà á dáadáa o! Àwòrán ọkọ̀ ojú omi ló wà níwájú rẹ̀. Ó rí ọkọ̀ náà, àmọ́ kí ni kó ṣe? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà fura sí mi.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Mùsíyé bi í pé, "Òpùrọ́, ta ló ń kà á fún ọ?"

Abẹ́ní kò tilẹ̀ wo ibi tí mo jókòó sí. "Kò sẹ́nìkankan, Mùsíyé."

Wọ́n fi pàṣán lé mi lọ́wọ́. Ẹgba méjìlá. Mo nà án, mo nà án dáadáa, nítorí ara tèmi. Gbólóhùn kan ì bá gbà á sílẹ̀: "Mùsíyé, kì í ṣe olódo, etí rẹ̀ ló fi ń kàwé." Ó dé ọ̀nà ọ̀fun mi, mo gbé e mì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n mú un lọ sí Lougba. Èmi gba ìwé ẹ̀rí, mo di olùkọ́. Ẹ má bi mí iye ọmọ tí mo pè ní olódo.

Nígbà tí olùkọ́ ọmọ ọmọ mi, ọmọdébìnrin tí mo lè bí lọ́mọ, ránṣẹ́ pè mí lọ́dún tó kọjá, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín kì í ṣe ọ̀lẹ, orí rẹ̀ sì pé. Lẹ́tà ni kì í dúró fún un. A ti tètè mọ̀, ẹ má fòyà." Ó ń jẹ́ kó fi ìka kọ lẹ́tà sínú iyanrìn. Ó ń kàwé sí i létí kó tó dá a kà, ó sì ń gbà á láyè kó fi ẹnu dáhùn. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń sunkún bí ọmọdé. Ohun tí mo ti ṣe lábẹ́ igi máńgòrò náà kọ́ nìyí?

Lẹ́yìn ìdákẹ́ àná yẹn, mi ò lè sùn. Láàárọ̀ yìí, mo gun zẹ́mìjàn lọ sí Lougba. Ọlọ́kadà náà gbé mi kọjá ibi tí ilé ìwé wa wà. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ báyìí, páànù ló wà lórí rẹ̀, igi máńgòrò ò sí mọ́. Mo bá Abẹ́ní níwájú ilé, ó ń bẹ iṣu. Mo ròyìn ọmọ náà fún un látòkè délẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó di ojú, ó sì ka ti obìnrin tó ń fọṣọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ní èdè Faransé, èdè tí kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ mọ́ látọjọ́ náà. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Lẹ́yìn náà ló wò mí. "Ta ló ń na ọmọ náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń nà án."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó tún mú iṣu mìíràn. "Pàṣán yẹn kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀ o. Pé ìwọ lo mú un lọ́wọ́ ló dùn mí."