Ọjọ́ Tí Bàbá Rìsí Gbọ́ Orin Ọmọ Rẹ̀

Ìdájí Sátidé la kúrò ní Ẹ̀gbẹ́dá, lẹ́yìn tí Bàbá Rìsí kírun Àsùbá tán. Télọ̀ ni wọ́n ní Ìkòtún, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Nígbà tí Rìsí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, fẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, tó sì di akọrin níbẹ̀, wọ́n ní kó má wọlé àwọn mọ́. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ó máa kọrin ìyìn ní gbọ̀ngàn àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

"Ìyá Tolú, mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni o. Mi ò ní yí ẹ̀sìn padà."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ yí i, Bàbá?"

Ojú ọ̀nà dá. A ra búrẹ́dì àti àkàrà gbígbóná ní Ọ̀ṣọ́dì, a wọ bọ́ọ̀sì ńlá gba orí afárá kọjá. Oòrùn ń yọ lórí ọ̀sà. Bàbá gbé búrẹ́dì tiwọn dání títí a fi sọ̀ kalẹ̀, wọn ò jẹ ẹ́.

Ayé òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn náà. Àjà onípákó rẹ̀ tẹ̀ bí inú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ bolẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì kan a máa bá ti èkejì jà. Níbí, wọn ò gbé ìkankan jáde. Olórí akọrin ní ilé náà ń gbé ohùn fúnra rẹ̀.

Bàbá jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn, lẹ́yìn pátápátá.

Rìsí jáde nínú aṣọ funfun, ó lanu. Gbogbo irun ara mi dìde. Ohùn náà gòkè dé àjà, ó yí ká, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sórí wa bí ìrì. Ó dúpẹ́ fún ìyá tó tètè lọ, fún bàbá tó ránṣọ mọ́jú kí òun lè kàwé.

Bàbá dìde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ jáde ni, mo di aṣọ wọn mú. Wọ́n rọra yọ ọwọ́ mi, wọ́n sì gba àárín èrò lọ síwájú. Rìsí rí wọn. Ó dá orin dúró.

"Má dúró," ni Bàbá wí, a sì gbọ́ ọ dé ẹ̀yìn. "Ohùn ìyá ẹ nìyẹn. Kọ ọ́ tán."

Orí ìkúnlẹ̀ ló ti kọ ọ́ tán.

Mo ti dé Ìbàdàn, mo ti dé Ìlọrin, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìrìn tó jìn tó èyí tí Bàbá rìn láti ìdí ilẹ̀kùn yẹn dé iwájú.

Àwa mẹ́ta la jọ padà sílé. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Bàbá lọ ṣe àlùwàlá. Rìsí yà sílé ìdáná, kò sì béèrè ibi tí iyọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.