Ijó Inú Àwòrán Bàbá Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, àwòrán ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Bẹẹrẹ. Òyìnbó kan ló fún bàbá wa tó jẹ́ tíṣà. Ọdún ìbílẹ̀ abúlé kan nílẹ̀ Họ́láǹdì ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀: ọkùnrin wọ bàtà onígi, obìnrin dé fìlà funfun, wọ́n ń jó yí igi ká. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo fóònù lè máa rẹ́rìn-ín, sinimá tiwa nìyẹn.

Èmi àti àbúrò mi obìnrin máa ń pín àwọn oníjó náà láàárín ara wa. Ojoojúmọ́ la ń jà lórí ọmọbìnrin aláṣọ pupa tó wà láàárín agbo. Arúgbó kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ òun nínú wa. Àbúrò mi á ní bí òun bá dàgbà, òun á lọ bá wọn jó.

Ó sì débẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló gbé e lọ. Ó wá ijó yẹn títí, wọ́n ní ó ti tán tipẹ́, pé ẹni tó ya àwòrán gan-an kò bá a, ìtàn àwọn àgbà ló yà. Ó sunkún fún mi lórí fóònù. Ó ní kò burú, òun ń bọ̀ wá ṣe Òkè'Bàdàn, tiwa ṣì wà.

Ọdún ṣì wà o. Ṣùgbọ́n láyé ìyá wa àgbà, ẹnikẹ́ni kì í dáná lágbo ilé wa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀kọ tútù la ń jẹ. Bàbá wa tó ń ráhùn pé ìbọ̀rìṣà ni, á jẹ tirẹ̀.

Àbúrò mi dé. Láti àárọ̀ ọdún ló ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù tó rà l'Ọ́jà'ba. Nígbà tó yá, òórùn ẹyin díndín gba gbogbo ilé. Àwọn ayálégbé ti tan gáàsì, wọn ò tilẹ̀ mọ ọjọ́ tí a wà. Kò bá wọn wí. Ó kàn wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tán níbí náà?"

Ó padà lọ, kò sì wálé mọ́. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí lọ́dún tó kọjá. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ayé ti yí, mi ò bá a jà. Àwòrán náà ṣì wà lára ògiri, ikán ti ń jẹ férémù rẹ̀. Mo ti fi aláṣọ pupa sílẹ̀ fún àbúrò mi, kò sẹ́ni tó ń bá mi du ú mọ́. Èmi ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà.