Iṣẹ́ Tí Ọ̀gá Mi Fi Sílẹ̀ ní Àrándùn

Òórùn lọ́fínńdà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo ṣí ideri ẹ́ńjìnnì náà. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì nígbà yẹn, mo sì mọ òórùn tó yẹ kó máa jáde lára ọkọ̀ tó ti jókòó pẹ́: òórùn epo tó ti bàjẹ́, òórùn ìpẹtà, àti ti eku tó kú sábẹ́ ìjókòó. N kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Lọ́fínńdà ni, irú èyí tí àwọn àgbààgbà Ìlọrin máa ń fi ra ara lọ sí Jímọ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi, kò sí ẹnì kankan. Oòrùn ọ̀sán ràn kalẹ̀ sí àgbàlá, ọyẹ́ sì ti sọ ewé máńgòrò di pupa.

Opó tíṣà kan ló ni ọkọ̀ náà. Àrándùn ni ilé wọn, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀mù-Àrán, ìlú tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọkọ̀ ilẹ̀ Japáànù ayé àtijọ́ ni, onílẹ̀kùn méjì, kúkúrú, tó lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́ nípa rẹ̀. Káàmù ni ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Ẹyọ kan ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà ní, ṣùgbọ́n méjì ló wà lórí èyí, òun ni àwa mẹkáníìkì ń pè ní túwíìnì-káàmù. N kò tíì fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí. Màmá Tíṣà sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, kó ṣáà lè gbé mi dé Òwu-Ìsin lọ́dọ̀ àbúrò mi. Ẹsẹ̀ mi kò gba ọ̀kadà mọ́." Mo ní ẹ má ṣe ìyọnu, Màmá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Òwu-Ìsin ni mo ń rò. Mo fẹ́ tún ẹ́ńjìnnì náà dá, kí n dán ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí n fá orí rẹ̀ díẹ̀ kó lè lágbára sí i. Mo ti ń rí ara mi lójú ọ̀nà Ìlọrin tí àwọn ọmọ yunifásítì ń na ìka sí mi. Ìyá àgbà ní kí n gbé òun dé ọ̀dọ̀ àbúrò òun, èmi ń wéwèé eré ìje.

Nígbà tí mo tú orí ẹ́ńjìnnì náà, ohun tí mo rí mú kí n gbé sípánà sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe ni ẹnì kan ti ṣe. Wọ́n ti dán ọ̀nà afẹ́fẹ́ títí ó fi ń kọ mànà bíi dígí. Wọ́n ti fá orí rẹ̀. Písítìnnì tuntun ló wà nínú rẹ̀, epo tó bò wọ́n sì mọ́ lóló. Káàmù méjèèjì nìkan ni wọn kò tíì dè, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé wọn sínú búùtù. Nígbà tí mo dojú ideri káàmù délẹ̀, mo rí ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi fáìlì fà, àti ìlà kan tó dábùú wọn.

Àmì ọ̀gá mi ni. Ìlọrin ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó tú tí kì í fa ìlà yẹn sí ibi tí oníbàárà kò lè rí. Ọdún kan ló kù kí n gba fíríìdọ̀ọ̀mù tí mo fi kó ẹrù mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tí mo lọ láìdágbére, nítorí mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́ náà tán. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún mi nígbà náà? Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé àìsàn ọjọ́ mẹ́ta pa á, àti pé wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀sìn wọn. Ojú tì mí débi pé n kò lọ kí ìyàwó rẹ̀.

Mo rọra bi Màmá Tíṣà pé, "Màmá, ta ló ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ yìí kí n tó dé?"

Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Mẹkáníìkì kan ni. Ilé àbúrò mi ló ń gbé ní Òwu-Ìsin. Ní ọdún tó kọjá ló wá."

"Kí ló dé tí kò parí rẹ̀?"

"Ó ní èyí tó kù kì í ṣe ti òun. Ó ní ẹni tó ni ín ń bọ̀."

"Báwo ló ṣe rí, Màmá?"

"Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ kan. Kì í jẹun wa, omi nìkan ló ń mu. Ìka àárín ọwọ́ òsì rẹ̀ gé lórí."

Mo jókòó sórí táyà tó wà nílẹ̀. Ọ̀gá mi ni ìka rẹ̀ gé bẹ́ẹ̀, fáànù ẹ́ńjìnnì ló gé e kí wọ́n tó bí mi. Ó sì ti pé ọdún márùn-ún tó ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìlọrin.

 Mo sọ fún ara mi pé ènìyàn jọ ènìyàn, pé ìka tó gé pọ̀ láàárín àwa mẹkáníìkì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni n kò fi dé Àrándùn. Nígbà tí mo padà, mo bá agolo mílíìkì kan nínú búùtù, mo sì mọ̀ dájú pé n kò rí i níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké tí a fi ń ṣètò àlàfo láàárín káàmù àti fáàfù ló wà nínú rẹ̀, tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, tí a sì kọ nọ́ńbà sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dá orí ẹ́ńjìnnì padà, mo de káàmù méjèèjì, mo sì fi àwọn irin náà sí ààyè wọn. Ṣùgbọ́n inú bí mi pé òkú ń darí ọwọ́ mi. Nígbà tí mo dé sìlíńdà kẹta, mo yọ èyí tó wà fún fáàfù tó ń tú èéfín jáde, mo fi òmíràn tó nípọn jù ú lọ sí i. Mo ní èmi náà mọ iṣẹ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì náà gbà lẹ́ẹ̀kan náà, láìkọ́, láìjà. Ìró rẹ̀ mú kí Màmá Tíṣà jáde síta, ó sì sunkún díẹ̀ nítorí ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí Òwu-Ìsin.

Àbúrò rẹ̀ dì mọ́ ọn lẹ́nu ọ̀nà. Kí a tó jókòó ni mo ti béèrè mẹkáníìkì tó ń gbé ilé wọn.

"Ó ti lọ," ni obìnrin náà wí. "Àárọ̀ àná ni. Ó ní òun gbọ́ ìró ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ká ẹní rẹ̀." Láti Àrándùn dé Òwu-Ìsin, etí wo ló lè gbọ́ ọ? Obìnrin náà wò mí dáadáa. "Ṣé ìwọ ni ọmọṣẹ́ rẹ̀? Ó ní tí o bá dé, kí n ní kí o dá èyí tí o yọ padà. Ó ní èyí tí o fi rọ́pò rẹ̀ fún jù."

Ó ṣí yàrá náà fún mi. Wọ́n ti gbá a mọ́, kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ àfi òórùn lọ́fínńdà. Mo jáde, mo ní kí wọ́n fún mi ní àyè kí ẹ́ńjìnnì tutù. Lẹ́yìn náà mo tú ideri rẹ̀ nínú àgbàlá wọn, mo wọn àlàfo fáàfù náà. Kò sí àlàfo mọ́ rárá, fáàfù náà kò lè pa dé dáadáa. Ká ní mo ti fi eré tí mo ń wéwèé gbé ìyá náà dé Ìlọrin, fáàfù yẹn ìbá jóná mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Irin tí mo yọ wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi. Mo dá a padà. Mo wọn àlàfo náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì dé ideri.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo tó lè lọ sí Ìlọrin, sí ilé ọ̀gá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ fún bí mo ṣe lọ, mo sì ro gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò figbe ta. Ó kàn ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ.

"Dìde," ó ní. "Ìwọ ni ẹnì kẹta. Ẹ̀yin tí ẹ kò gba fíríìdọ̀ọ̀mù ni ọ̀gá yín ń wá kiri."

Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ní ara rẹ̀ le?"

Mo dá a lóhùn pé wọ́n ní ara rẹ̀ le. Ó mi orí, ó sì dìde lọ bu omi fún mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá báyìí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò pé kì í lọ tààrà, pé yóò máa gbé ìlú mìíràn títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé n kò dá ìbéèrè ìyàwó ọ̀gá mi lóhùn dáadáa. Ó yẹ kí n ti sọ fún un pé n kò fojú mi rí ọkọ rẹ̀, pé ó sá fún mi gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe sá fún un. Òun náà ti kú báyìí, ó ti lọ bá a. Nígbà mìíràn, tí iṣẹ́ bá parọ́rọ́ lọ́sàn-án, mo máa ń rò ó pé wọ́n á ti ríra, àti pé á ti rí i fúnra rẹ̀ bóyá ara ọkọ rẹ̀ le.